Fọ́tò Kò Ní Ohùn: Bí Àwòrán Ìgbéyàwó Ṣe Di Fíìmù, láti 1862 títí dé Òkè-Àfà

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, ọmọ Yorùbá méjì ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní ìlú Brighton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ ìyàwó ni James Pinson Labulo Davies, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àti oníṣòwò ńlá ní Èkó. Ìyàwó ni Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí a gbà pé Àìná ni orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé kí àwọn ọmọ ogun Dahomey tó kó o lẹ́rú ní Òkè-Ọ̀dàn ní 1848. Ọba Gezo fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ ní 1850. Forbes mú un dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria, ọbabìnrin náà sì gbọ́ bùkátà rẹ̀ títí ó fi dàgbà. Àwọn oníwèé ìròyìn kọ̀wé nípa ọjọ́ ìgbéyàwó náà: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn ọmọ ìyàwó pọ̀, èrò sì kún ẹ̀bá ọ̀nà.

Fọ́tò tọkọtaya yìí wà títí dòní ní National Portrait Gallery ní London. Camille Silvy, ará Faransé tó ní ilé fọ́tò ní London, ló yà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tó yà á: 15 oṣù Kẹsàn-án 1862. Oṣù kan gbáko lẹ́yìn ìgbéyàwó. Àwòrán tí a fi ń rántí ìgbéyàwó wọn kò fojú kan ìgbéyàwó náà rárá.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Dígí ni wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà náà. Ayàwòrán á da oògùn sára dígí, á yà á nígbà tí oògùn náà ṣì tutù, á sì sáré fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn kó tó gbẹ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé kiri láàárín èrò. Tọkọtaya ló ní láti tún aṣọ wọ̀, kí wọ́n tọ kámẹ́rà lọ.

Ibi tí ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ènìyàn ló ń tọ kámẹ́rà lọ. Nígbà tó ṣe, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ènìyàn wá. Lónìí, kámẹ́rà ń bá ènìyàn rìn, ó ń bá a jó, ó tún ń fò lókè orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìtàn náà kò ju pé fíìmù wá borí fọ́tò lọ. Èrò tèmi yàtọ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń ṣe, ìtàn tiwa gan-an ló sì fi í hàn. Ohun tó yẹ kó máa kọ wá lóminú ni pé fíìmù òde òní ti ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń ṣe ti fọ́tò.

Kámẹ́rà dé etíkun wa

Ní 1839 ni wọ́n kéde ọ̀nà tí Daguerre gbà ń ya fọ́tò ní Paris. Kò pẹ́ púpọ̀ tí iṣẹ́ náà fi dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Augustus Washington, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó kúrò ní Amẹ́ríkà, ń ya fọ́tò ní Monrovia láàárín àwọn ọdún 1850. Ní Èkó, N. Walwin Holm, tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Accra, ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní 1896. Àwọn ọmọ Yorùbá náà kò sì gbẹ́yìn. Herzekiah Andrew Shanu, ọmọ Ọ̀tà tí wọ́n bí ní 1858, ló lọ di ayàwòrán ní Boma ní Congo, níbi tó ti wá wà lára àwọn tó tú àṣírí ìwà ìkà ìjọba Ọba Leopold fún ayé.

Ta ni ó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Èkó ìgbà náà? Àwọn tí Kristin Mann kọ̀wé nípa wọn nínú *Marrying Well*, ìwé tó jáde ní 1985: àwọn ọ̀mọ̀wé, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ọdún 1884. Lójú òfin yẹn, ọkọ kan, aya kan ni. Nítorí náà, fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ó ń sọ fún àlejò pé, "Irú ìgbéyàwó tí a ṣe nìyí, irú ènìyàn tí a jẹ́ nìyí." Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Ohun tí Yorùbá fi fọ́tò ṣe

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni pé a kò gba fọ́tò bí òyìnbó ṣe gbé e fún wa. A sọ ọ́ di tiwa. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí láàárín àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn *African Arts* ní 1978. Ó ṣàkíyèsí bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó fún fọ́tò: ojú kọ kámẹ́rà tààrà, aṣọ ńlá bo àga, ọwọ́ wà lórí itan tàbí orúnkún, ojú kò rẹ́rìn-ín, gbogbo ara láti orí dé ẹsẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ hàn. Ẹni tó bá ti rí ère Yorùbá rí yóò mọ ìjókòó náà. Ìjókòó ẹni iyì ni. Ayàwòrán kò wá ohun tí ẹni náà ń ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn, ohun tó ń wá ni irú ènìyàn tí ẹni náà jẹ́.

Sprague tún kọ̀wé nípa ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí kò sì sí fọ́tò tí wọ́n jọ yà, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí èyí tó kú bá jẹ́ obìnrin tí èyí tó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á sì fi èyí kún tirẹ̀. Fọ́tò ti gba ipò ère ìbejì nìyẹn.

Babatunde Lawal, ọ̀mọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan ní 2001 pé ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" fara mọ́ "à-wò-rántí": ohun tí à ń wò láti fi rántí. Ó tún so ó mọ́ "awòran", ẹni tó ń wo ìran. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ méjì yìí lọ́wọ́, nítorí àwọn ni mo fẹ́ fi ya fọ́tò sọ́tọ̀ kúrò lára fídíò. Fọ́tò ìgbéyàwó jẹ́ à-wò-rántí. Ó dúró lójú kan lára ògiri, à ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò béèrè iná, kò béèrè ẹ̀rọ. Bí ọdún ti ń lọ, òun náà ni wọ́n ń gé jáde fún kàlẹ́ńdà, fún ìwé ìsìn òkú, fún pátákó "Ó dàárọ̀". Fídíò ní tirẹ̀ ń sọ wá di awòran: a ní láti jókòó, kí a tan ẹ̀rọ, kí a wo ìran láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwòrán tó ń rìn

Oṣù Kẹjọ 1903 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ wo sinimá ní Glover Memorial Hall. Nínú àwọn àwòrán tí wọ́n tún wò ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti ìrìn àjò Aláké Ẹ̀gbá, Ọba Gbádébọ̀, sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1904. Nítorí náà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọmọ Yorùbá ti ń rí Yorùbá tó ń rìn lára aṣọ funfun.

Ṣùgbọ́n ọba ni, kì í ṣe ìyàwó àdúgbò. Fíìmù wọ́n. Kódà nígbà tí Kodak gbé Super 8 jáde ní 1965 fún àwọn tó fẹ́ ya fíìmù nílé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni róòlù kan ń gbà, kò kọ́kọ́ ní ohùn, ó sì di kí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ fọ̀ kí wọ́n tó lè wò ó. Ìwọ̀nba olówó ló dán an wò. Ẹni tí kò ní, fọ́tò dúdú àti funfun ló ń yà: ẹyọ kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹyọ kan pẹ̀lú ìdílé ọkọ, ẹyọ kan pẹ̀lú ìdílé ìyàwó, ẹyọ kan nígbà tí wọ́n ń gé kéèkì.

Ayé kásẹ́ẹ̀tì

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni VHS, tí ilé iṣẹ́ JVC gbé jáde ní Japan ní 1976. Kásẹ́ẹ̀tì kan ń gba wákàtí mẹ́ta. Kò sí pé à ń fọ̀ ọ́: bí wọ́n bá yà á tán lónìí, wọ́n lè wò ó lónìí. Ó ní ohùn. Wọ́n sì lè dà á kọ sí òmíràn.

Àkókò tó dé ọ̀dọ̀ wa bọ́ sí ìgbà tí náírà ń já wálẹ̀. Lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, agbára káká ni àwọn òṣèré Yorùbá fi lè ra róòlù fíìmù mọ́, àwọn tó ti ń ṣe sinimá ńlá bíi ti Hubert Ògúndé àti Adé Love. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n bọ́ sórí fídíò. Kenneth Nnebue, tó ti ń ṣe fídíò Yorùbá tẹ́lẹ̀, ló ṣe *Living in Bondage* ní 1992, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Irú kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ṣe eré wọ̀nyẹn kò yàtọ̀ sí èyí tí oní-fídíò ń gbé lọ sí òde ìgbéyàwó ní ọjọ́ Sátidé.

Òkè-Àfà bá ayé yẹn pàdé dáadáa. Àdúgbò náà kún lẹ́yìn tí ìjọba Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, kọ́ ilé aláìwọ́n síbẹ̀, ilé tí gbogbo wa mọ̀ sí Jakande Estate. Ẹ̀yin tó bá gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ mọ bí òde ìgbéyàwó ṣe ń rí. Wọ́n á ta kánópì sójú títì tàbí sórí pápá iléèwé. Oní-fídíò á gbé kámẹ́rà ńlá sí èjìká. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbé iná dání, wáyà á gùn dé ìdí jẹnẹrétọ̀. Láti orí tábìlì kan sí èkejì, iná náà á dojú kọ gbogbo ẹni tó jókòó. Ẹlòmíràn á da ojú délẹ̀, ẹlòmíràn á gbé ife sókè, àwọn ìyá á tún gèlè ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fún àwọn àgbà ní máíkì kí wọ́n ṣàdúrà fún tọkọtaya. Àwọn ọmọ kékeré á máa fò níwájú kámẹ́rà títí wọ́n á fi lé wọn.

Àwọn oní-fọ́tò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá àwọn tí a ń pè ní "wait and get", tí wọ́n ń ya àlejò, tí wọ́n ń sáré lọ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á sì pa dà wá tà á fún wọn kí òde tó tú. Tọkọtaya ló ni fídíò, ṣùgbọ́n àlejò kọ̀ọ̀kan lè ra fọ́tò tirẹ̀ lọ sílé.

Kásẹ́ẹ̀tì náà rin ìrìn àjò. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó wà ní London kó lè wo ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni, wàhálà wà: PAL ni Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, NTSC ni Amẹ́ríkà ń lò, kásẹ́ẹ̀tì ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ èkejì àfi tí wọ́n bá yí i padà. Fọ́tò tó wà nínú ápòòwé lẹ́tà kò ní irú ìṣòro yẹn.

Lónìí, a máa ń fi fídíò ìgbà náà ṣẹ̀fẹ̀. Ó gùn jù. Àwòrán ń mì. Òdòdó àti ọkàn pupa ń fò kọjá lójú rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ṣe tí kò sí ẹ̀ka àkọsílẹ̀ mìíràn tó ṣe é: ó ya gbogbo ènìyàn, ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Kò sí ìwé ìròyìn tó kọ nípa ẹni tó ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà Jakande. Ṣùgbọ́n bó bá wá sí òde ìgbéyàwó aládùúgbò rẹ̀, fídíò ti mú un.

Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002

A kò lè sọ̀rọ̀ nípa ìrántí ní Òkè-Àfà kí a fo ọjọ́ yìí dá. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, iná mú ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní bárékè ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn ènìyàn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ń sá kiri nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò já sínú odò ńlá tó wà ní Òkè-Àfà. Ewéko ti bo ojú omi náà, wọ́n sì rò pé ilẹ̀ ni. Iye àwọn tó kú nínú àjálù náà lé ní 1,000. Inú omi yẹn ni púpọ̀ nínú wọn kú sí, ọmọdé púpọ̀ sì wà lára wọn. Òkúta ìrántí wà níbẹ̀ títí dòní, àwọn ènìyàn sì máa ń péjọ síbẹ̀ tí ọjọ́ náà bá pé.

Òkúta ń sọ fún wa pé wọ́n kú. Kò lè sọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àwọn ọdún 1990 ní Ìsọlọ̀, Òṣòdì, Èjìgbò àti Ìkẹjà ló lè sọ ọ́, bó bá ṣì wà: ọmọ tó ń fò níwájú kámẹ́rà, ìyá tó ń da owó lé ìyàwó lórí, bàbá tó ń ṣàdúrà gígùn. Àwọn tó ya fídíò wọ̀nyẹn kò mọ̀ pé ìwé ìtàn àdúgbò ni wọ́n ń kọ. Wọ́n kàn ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún wọn ni.

Kámẹ́rà kan, iṣẹ́ méjì

Títí di 2008, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni ti fọ́tò, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni ti fídíò. Ní ọdún náà ni Nikon gbé D90 jáde, tí Canon sì gbé 5D Mark II tẹ̀ lé e. Kámẹ́rà fọ́tò ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń ya fídíò pẹ̀lú, àwòrán ti Canon sì mọ́ bí ti sinimá: ojú ìyàwó á hàn kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣú. Láti ìgbà yẹn ni oní-fídíò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ń ṣe fíìmù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́tò àti fíìmù pọ̀ fún oníbàárà kan náà.

Ibi tí à ń gbé àwòrán náà sí yí padà pẹ̀lú. Dele Momodu ti dá *Ovation* sílẹ̀ ní 1996, tí àwọn olówó fi ń rí ìnáwó wọn lórí ìwé tó ń dán. BellaNaija bẹ̀rẹ̀ ní 2006, Instagram dé ní 2010. Okechukwu Nwafor, nínú ìwé rẹ̀ lórí aṣọ ẹbí tó jáde ní 2021, fi hàn pé aṣọ ẹbí àti fọ́tò ń gbé ara wọn lárugẹ: à ń ra aṣọ nítorí a ó yà á, à ń yà á nítorí a ti ra aṣọ. Ní 2016, Kemi Adetiba darí *The Wedding Party*, tó di fíìmù Nàìjíríà tó pawó jù lọ ní sinimá nígbà náà. Adesua Etomi àti Banky W, tó ṣe ìyàwó àti ọkọ nínú rẹ̀, sì fẹ́ ara wọn ní ti gidi ní 2017. Ìgbéyàwó di fíìmù, fíìmù sì di ìgbéyàwó.

Bó bá dé ojú iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, ó di dandan kí àwọn méjèèjì bára wọn mu. Oní-fọ́tò ń fẹ́ kí ìyàwó dúró jẹ́ẹ́. Oní-fíìmù ń fẹ́ kó máa rìn. Iná kámẹ́rà oní-fọ́tò tó ń kọ mànàmáná á ba fíìmù jẹ́ nígbà tí tọkọtaya ń jẹ́ ẹ̀jẹ́. Iná tí oní-fíìmù gbé kalẹ̀ lè sọ ojú ènìyàn di funfun nínú fọ́tò. Iná NEPA wa ń lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí oní-fíìmù kò bá ṣètò kámẹ́rà rẹ̀ láti bá a mu, àwòrán á máa ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ oní-fọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè má tilẹ̀ ní ìdí láti ronú nípa rẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń jókòó sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ náà: ta ni ó dúró sí apá ọ̀tún pẹpẹ, ta ni ó dúró sí òsì, ìgbà wo ni oní-fọ́tò ní tọkọtaya fún ara rẹ̀, ìgbà wo ni kò gbọdọ̀ sí ẹni tó sọ pé "Ẹ wo ibí."

Dróònù náà ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Òkè-Àfà kò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, òfin sì wà: ẹni tó bá fẹ́ fò ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ NCAA àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ààbò. Fíìmù ayẹyẹ pàápàá lè di ẹ̀rí. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n owó náírà sí ẹ̀ṣẹ̀, ní 2024 sì ni EFCC gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́ lórí ohun tí fídíò òde ìnáwó fi hàn.

Ibi tí ohùn lọ

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi kọ àpilẹ̀kọ yìí nìyí. Ẹ wo fíìmù ìgbéyàwó tí àwọn ọ̀rẹ́ wa ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, tàbí márùn-ún. Ó rẹwà. Ìyàwó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, aṣọ ń fẹ́ lélẹ̀, ọkọ ń nu omijé. Orin kan wà lábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá ìyàwó ń la ẹnu, a kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Kí ni ìyá náà ń sọ? Ó lè jẹ́ oríkì ọmọ rẹ̀ ló ń kì, láti orí Àjọkẹ́ dé orílẹ̀ bàbá. Ó lè jẹ́ àdúrà. Bó bá jẹ́ apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, ìyàwó fúnra rẹ̀ lè ti sun ẹkún ìyàwó, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, kó sì tọrọ ìre. Alága ìdúró àti alága ìjókòó ti fi wákàtí méjì dá ara wọn lóhùn, wọ́n ti mú gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí fọ́tò lè gbé. Ohùn ni gbogbo wọn. Fíìmù nìkan ló lè gbé e, òun náà ni a sì ní kó yọ ọ́ sọnù kí orin lè ráyè wọlé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé fíìmù ti ń ṣe iṣẹ́ fọ́tò. Ó ti di fọ́tò tó ń mira. Oní-fídíò àtijọ́ pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀ tó ń mì mọ ohun kan tí a ti ń gbàgbé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kì í ṣe pé kí a pa fíìmù kúkúrú tì. Ó wúlò, ó rọrùn láti fi ránṣẹ́, ó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ lóúnjẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó má jẹ́ òun nìkan ni a ó gbà lọ́wọ́ wọn. Owó kékeré ni yóò lé e, tàbí kó má tilẹ̀ sí, tí a bá sọ ọ́ kí a tó fọwọ́ síwèé: ẹ fún wa ní gbogbo àdúrà àwọn òbí, gbogbo ìdána, gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà bá sọ, láìgé e, láìfi orin bò ó. Ẹ fi máíkì kékeré sára aṣọ bàbá ìyàwó. Ẹ kọjá lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, bí ti àtijọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn tí àwọn òbí wa ti ṣe ìgbéyàwó tiwọn. Fọ́tò Sarah àti Davies ti lo ohun tó lé ní 160 ọdún, a ṣì ń wò ó. VHS kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, funfun-funfun ń hù lára téèpù rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rọ tí a ó fi wò ó ń tán lọ: ní oṣù Keje 2016, ilé iṣẹ́ Funai ní Japan, tó kẹ́yìn àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, dáwọ́ rẹ̀ dúró. Kásẹ́ẹ̀tì lè wà lódidi kí a má rí ohun tí a ó fi gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá délé ní ìsinmi yìí, ẹ béèrè kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó. Ó lè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó lè wà nínú àpótí pẹ̀lú aṣọ òfì. Bí funfun bá ti hù sí i lára, ẹ má ti í bọ inú ẹ̀rọ, nítorí ó lè ba ẹ̀rọ àti téèpù jẹ́ pọ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ̀. Bó bá mọ́, ẹ wá ilé iṣẹ́ tó ń dà á sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ibì kan, kí ẹ fi òmíràn síbòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó wò ó pẹ̀lú àwọn òbí yín, kí ẹ mú ìwé àti bírò dání, kí ẹ sì máa béèrè: ta nìyí? Ilé ta ni wọ́n ti wá? Ṣé wọ́n ṣì wà? Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún fọ́tò inú àlùbọ́ọ̀mù pẹ̀lú, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀.

Fọ́tò yóò fi ojú wọn hàn yín. Fídíò yóò jẹ́ kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ yín kí wọ́n tó bí yín, nínú àdúrà pé kí ìyàwó bí ọkùnrin, kó bí obìnrin. Àdúrà náà ti gbà. Ẹ̀yin ni ẹ̀rí, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ohùn tó gbà á.